Kí Lò Ń Tà ní Ghana?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, bí èèyàn bá ní òun ń lọ sí Ghana, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. "Kí lo fẹ́ lọ tà?" ni wọ́n máa ń bèèrè. Àwọn bàbá ńlá wa lọ, wọ́n tajà. Àwọn ìyá ńlá wa lọ, wọ́n tajà ju àwọn bàbá lọ. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ páànù, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tí wọn ò tà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo sọ nínú agbo ilé wa pé èmi náà ń lọ sí Accra, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní ọjà mi á tà wàràwàrà. Wọ́n ní mi ò ní pàdé oníbàárà burúkú. Ìgbà tí wọ́n ṣàmín tán ni mo tó ráyè sọ pé ìṣirò ni mo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì.

Ìyá Kudi, ìyàwó àbúrò bàbá mi, wò mí títí. "Ìṣirò ọjà wo?"

"Kì í ṣe tọjà, mà. Ìṣirò lásán ni."

"Ìṣirò lásán." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ yìí fẹ́ kọjá Kútọnu, ó fẹ́ kọjá Lọ́mẹ̀, torí kó lè lọ ṣírò lásán."

N kò lè bá a jiyàn, torí òótọ́ ló sọ. Ìṣirò tí mò ń ṣe, èèyàn lè ṣe é tán kó má fojú kan nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń tò tẹ̀léra ni: èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e, àti àwọn nǹkan tí kò ṣeé tò rárá. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, nínú iyọ̀ àti ọjọ́ Ajé, èwo ló ṣáájú? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi, wọ́n fẹ́ fún mi lóyè lórí rẹ̀.

Bàbá mi nìkan ni kò ṣàmín lọ́jọ́ náà. Bó ṣe gbọ́ "Accra" báyìí, ńṣe ló dìde, ó lọ ń ṣe àlùwàlá nígbà tí àsìkò ìrun kò tíì tó. Accra ni wọ́n bí i sí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé máa lọ sí ìlú wọn, tí àwọn òbí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, tí wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Láti ìgbà yẹn, kò dárúkọ ìlú náà mọ́. "Ibẹ̀ yẹn" ló ń pè é. Ó sì ti bá mi wá iṣẹ́ tíṣà sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí ilé wa. Ó bẹ ẹnì kan tó lọ bẹ ẹnì kan tó mọ ọ̀gá ibẹ̀.

"Ilẹ̀ tí wọ́n ti lé mi bí ajá," ó ní, "ìwọ ló wá fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ ọ níwèé?"

Mo lọ ṣá. Mo lórí kunkun, ẹni tí mo sì ti jogún ẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn.

*

Alajo, àdúgbò kan ní Accra, ni mo wọ̀ sí, lọ́dọ̀ Alhaja, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Òun ní tiẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ padà sí Accra, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Àgádágodo, ìṣó àti ọwọ́ ilẹ̀kùn ló ń tà. Sàdíà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Alajo ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí o bá bi í ní nǹkan ní Yorùbá, Twi, èdè ibẹ̀, ló máa fi dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa fi parí ẹ̀. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Accra: jẹ́jẹ́ wọn ni. Wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́ jù! Mo wọ trotro, ìyẹn bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń kó wa lọ sí Madina, àdúgbò kan nítòsí yunifásítì, obìnrin kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo ti gba èémí sínú kí n lè bú u dáadáa, ló bá ní, "Please, sorry." Èébú dé ètè mi, kò ríbi jáde. Mo gbé e délé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá yé mi pé àwọn náà ń bú èèyàn, ṣùgbọ́n "mepa wo kyɛw", ìyẹn "ẹ jọ̀wọ́" ní Twi, ni wọ́n máa ń fi síwájú ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, orí yín ò pé. Ẹ jọ̀wọ́, òmùgọ̀ ni yín. Tí o kò bá tètè ronú, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohùn tèmi sì rèé. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Sàdíà jọ wà nínú ọkọ̀, màámi pè mí lórí fóònù.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà!"

"Kí lo jẹ?"

"Waakye ni!"

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni, mà!"

"Ṣé ìrẹsì àti ẹ̀wà ló wá gbé ọ dé Ghana? Kò sí ìrẹsì ní Ògbómọ̀ṣọ́? Kò sí ẹ̀wà?"

Mo ń ṣàlàyé fún un pé ewé kan wà tí wọ́n fi ń sè é, pé ata dúdú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní shito. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, gbogbo ọkọ̀ ti yíjú, wọ́n ń wò mí. Àgbà ọkùnrin kan tó jókòó síwájú bi Sàdíà ní Twi pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni Alata yìí ń bá jà?" Alata ni wọ́n máa ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Sàdíà ní, "Ó ń kí ìyá rẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà mi orí. Àánú ìyá mi ló ń ṣe é.

Ìlú yìí ò ṣe mí níkà kankan o, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí ìdajì Alajo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìdajì yòókù wọ pupa àti dúdú lọ síbi òkú, tí Alhaja ń sùn, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, kí ẹnì kan ṣáà kọjá kí n lè kí i. Àárò ilé ń sọ mí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn tó máa bi mí pé ṣé àlàáfíà ni mo jí ti tó kó mi sú. Nígbà náà, ó ń bí mi nínú. Ní Alajo, ǹ bá san owó fún ẹni tó bá bi mí.

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò wá mọ̀ pé mo ń ka ìṣirò, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ wọn wá bá mi ní ìsọ̀ Alhaja lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èyí mú pínpín wá, èyí mú ìlọ́po wá. Mi ò pín nọ́ńbà gígùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń wọ bàtà rọ́bà lọ sílé-ìwé. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i. Ó kéré tán, wọ́n ti mọ ohun tí mò ń tà.

*

Ní ẹ̀ka ìṣirò wa, kò sí ọ̀dà tó kù lára ògiri. Ìkéde ló bò ó. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, àpérò tó ń bọ̀, ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀. Bí ẹ ò bá rí àpérò onímọ̀ ìṣirò rí, ẹ ò tíì rí nǹkan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á fi ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n á fò wá láti òkèèrè. Ẹnì kan á máa kọ nǹkan sójú pátákó, àwọn yòókù á sùn. Bó bá parí, gbogbo wọn á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ẹni tó sùn jù ló sì máa béèrè ìbéèrè tó le jù.

Àpérò ńlá kan wá ń bọ̀ lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ ìṣíde, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa jẹ́ kó sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo àwọn àlejò. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: bí iṣẹ́ rẹ bá wọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn lójú, ó lè gbà ọ́ sọ́dọ̀ kó o ṣe oyè ọ̀mọ̀wé. Bí kò bá sì wọ̀ wọ́n lójú, iṣẹ́ tíṣà ń dúró nítòsí ilé bàbá rẹ. Mo fẹ́ àyè yẹn gan-an.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ní kí n wá rí àwọn. Mo wọlé, mo rí wọn tí wọ́n jókòó sí ìlà kan. Lápá ọ̀tún mi pátápátá ni Dókítà Efua wà, obìnrin tó wọ ṣòkòtò jíìnsì, tó gé irun rẹ̀ kúrú, mo rò pé akọ̀wé wọn ni. Àwọn méjì tẹ̀lé e. Lápá òsì pátápátá, níkangun, ni bàbá arúgbó kan jókòó sí, orí rẹ̀ funfun báláú. Kí lẹ rò pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ṣe? Mo gba iwájú àwọn yòókù kọjá tààrà, mo kúnlẹ̀ fún bàbá arúgbó yẹn, mo kí i dáadáa, ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó dìde, tí mo ju ọwọ́ sí àwọn yòókù.

Yàrá náà tutù. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo parí, Dókítà Efua ní, "Please, a máa jẹ́ kí o mọ̀."

Mo ti pẹ́ tó ní Accra láti mọ ohun tí "please" yẹn ń wí.

Nígbà tí wọ́n lẹ ètò ọjọ́ ìṣíde mọ́ ògiri, mo wá orúkọ mi láàárín àwọn tó máa sọ̀rọ̀, mi ò rí i. Mo wá a títí, mo rí i nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú àwọn tó máa to àga, tí wọ́n á sì pín omi fún àwọn àlejò.

Alẹ́ ò tíì lẹ́ tí fóònù mi dún. Bàbá mi ni. Bàbá mi kì í pè mí; màámi ló máa ń pè, òun á máa húkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ó ní.

"Níbo, sà?"

"Ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé kan, pé o máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí ò ń tà. Ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ò lè máa dúró dè wá mọ́. Bí mo bá dé tí mi ò rí nǹkan kan, ẹrù rẹ á bá tèmi wọ ọkọ̀ kan náà."

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, sà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Pé omi ni mo fẹ́ pín?

*

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní fi bò. Alhaja bá mi lẹ́yìn ìsọ̀, láàárín àwọn páálí ìṣó, ó ní kí n sọ bó ṣe jẹ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Dúró ná," ó ní. "Nígbà tí o wọlé, ta lo kọ́kọ́ kí?"

"Bàbá tó dàgbà jù, mà."

"Ibo ló jókòó sí?"

"Lápá òsì, níkangun."

Alhaja ká ọwọ́ lé orí. "Yéè! O ti fò wọ́n! Ìwọ ọmọ Múfú yìí, o ti sọ èèyàn dàga ìjókòó!"

Mo ní mi ò lóye.

"Gbọ́ mi dáadáa. Nílé, ọjọ́ orí là ń kí. Níbí, ìjókòó là ń kí. Tí o bá wọ ibi tí èèyàn wà, apá ọ̀tún rẹ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, wàá máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí wàá fi dé òsì. Ọba ì báà jókòó sí òsì, kí ewúrẹ́ jókòó sí ọ̀tún, ewúrẹ́ lo máa kọ́kọ́ bọ̀ lọ́wọ́."

"Ewúrẹ́, mà?"

"Kó o tún bi í pé ṣé ó sùn dáadáa."

Mo jókòó sórí páálí. Èmi tó ń kọ̀wé lórí ètò! Èmi tí mo fẹ́ dúró níwájú ayé láti sọ bí nǹkan ṣe ń tò tẹ̀léra! Oríṣi ètò méjì ló wà nínú yàrá yẹn, ètò ọjọ́ orí àti ètò ìjókòó, mi ò sì rí ju ọ̀kan lọ. Ẹ̀rín pa mí, ẹkún ò sì tíì dá. Ó sì wá yé mi ìdí tí gbogbo ìlú yìí fi ń rí mi bí ẹni tó yájú, nígbà tí èmi ń rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn títí eékún mi fi bó. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní àjèjì náà nìyẹn. Ọ̀wọ̀ rẹ kún ọwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni o kò mọ̀.

"Ó dáa," ni mo ní. "Màá lọ bẹ Dókítà náà lọ́la."

"Ìwọ fúnra rẹ?" Alhaja fẹ́rẹ̀ẹ́ lu mí. "Èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ níbí, ó dà bí ẹni pé o kò lẹ́nìkan. Èmi ni màá gbé ọ lọ. Sàdíà, bá mi wá gèlè."

Bí Alhaja alágàádágodo ṣe wọ ẹ̀ka ìṣirò nìyẹn. Ó wọ ọ́ọ́fíìsì Dókítà Efua, àwọn olùkọ́ mélòó kan wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ títí dé òsì, kò fo ẹnì kan, ó sì jókòó láìsọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni. Àṣé àwọn ló kàn láti sọ̀rọ̀. Dókítà Efua ní láti fún un lómi, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba àlejò. Alhaja mu ún díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bi í pé iṣẹ́ wo ló rán an wá.

Twi ló fi dá wọn lóhùn, Sàdíà ń túmọ̀ fún mi létí. Ó ní àlàáfíà ni. Ó ní ọmọ òun kan ló fò wọ́n kọjá, kì í ṣe ìgbéraga, pé níbi tó ti wá, àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá kiri bí wọ́n bá wọlé.

Dókítà Efua fọwọ́ lẹ́rán. "Ìyá, ṣé kò rí mi ni? Èmi ni alága ìgbìmọ̀ yẹn."

"Ó rí yín."

"Ó wá kà mí sí ọmọdé?"

"Ó kà yín sí ọmọdé," Alhaja ní. "Àbí ẹ fẹ́ kó kà yín sí arúgbó ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, Dókítà Efua náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó kọjú sí mi.

"Iṣẹ́ rẹ ló dáa jù nínú tàwọn akẹ́kọ̀ọ́," ó ní. "Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó dáa, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka wa ní àṣà kan: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìṣíde gbọ́dọ̀ bọ gbogbo ìlà iwájú lọ́wọ́ kó tó gorí pèpéle. Láti ọ̀tún. Gbogbo ìgbìmọ̀ á máa wò ọ́. Tí o bá tún fò wá, àwọn kan nínú wa ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o bá sọ lẹ́yìn ẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé Alajo láìwọ ọkọ̀. Inú trotro la wà tí Alhaja fi sọ̀rọ̀.

"Múfú náà á wà níbẹ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òbí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìlà iwájú ni wọ́n máa fi í sí."

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Bàbá mi! Bàbá mi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan kí ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀ níbi ìsìnkú, tí kò sì dáhùn ìkí ọmọ náà títí ọdún fi yí po. Bí mo bá lọ kúnlẹ̀ fún un tààrà, mo ti fo ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo ti pàdánù wọn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, tí mò ń bọ àwọn àjèjì lọ́wọ́ lójú rẹ̀, ní ìlú tí wọ́n ti lé e, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dìde, á gbé ẹrù mi. Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn. Kò sí ìwé ìṣirò tó lè gbà mí.

*

Bàbá mi dé. Ó kí Alhaja, ó gba ìkí mi, ó jókòó. Wọ́n gbé waakye fún un. Ó wò ó, ó ní, "Ìrẹsì àti ẹ̀wà," ó jẹ ẹ́ tán, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú abọ́. Kò bèèrè nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́, ó jáde, ó dúró níkòríta, ó ń wo àwọn ilé àdúgbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbóyà láti bá a sọ ọ̀rọ̀ ìjókòó. Ta ni mo jẹ́ tí màá sọ fún bàbá mi pé ẹlòmíràn ni màá kọ́kọ́ kí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ àpérò, ibùsùn rẹ̀ ti ṣófo. Alhaja kò mọ ibi tó lọ. Sàdíà ní òun rí i tó wọ agbádá rẹ̀ jáde kí oòrùn tó yọ. Mo ní ó ti lọ sí gáréèjì, ó ti bínú lọ, ó kàn fojú kan ìlú yìí, gbogbo nǹkan tún rú sókè nínú rẹ̀. Alhaja fà mí lọ́wọ́ wọ ọkọ̀.

A dé ibẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ. Ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní gbogbo Ghana nìyẹn. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi gbé iṣẹ́ mi sára ògiri ti kú. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn kún, ìlà iwájú kún, Dókítà Efua ń pe orúkọ mi láti ibi tó jókòó sí.

Mo ti pinnu. Ọ̀tún ni màá gbà. Bó bá wà níbẹ̀, màá kó gbogbo ẹbí jọ láti bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo tẹrí ba kí ojú mi má bàa wá a kiri, mo gba apá ọ̀tún lọ, mo na ọwọ́ sí ẹni tó jókòó sí àga àkọ́kọ́.

Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Bàtà aláwọ dúdú tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kùn lóròòru ọjọ́ Ẹtì.

Eékún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ fún un bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun ń na ọwọ́ sí mi bíi ti Accra, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sókè lókè orí mi.

"Akwaaba," ni bàbá mi wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọ́n lé e kúrò ní ìlú yìí, òun ló wá ń kí mi káàbọ̀ sínú ẹ̀.

"Yaa agya," ni mo fi dáhùn, bí Sàdíà ṣe kọ́ mi pé wọ́n ń dá bàbá lóhùn. Mo gba ọwọ́ rẹ̀, mo dì í mú.

Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Ó tó. Dìde. Àwọn tó kù ń dúró dè ọ́. Má fo ẹnikẹ́ni o."

Mi ò fo ẹnikẹ́ni. Dókítà Efua ló wà nínú àga tó tẹ̀lé tirẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ni bàbá náà ti dé, pé wọ́n ní kó wá jókòó sáàárín pẹ̀lú àwọn àlejò ńlá, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ibẹ̀ yẹn lòun fẹ́. Wọ́n bá a fà á títí. "Twi rẹ̀ dà bíi ti ìyá tó bí ìyá mi," Dókítà ní. "A rò pé ọba ìlú kan ni, la bá fi í sílẹ̀."

Mo sọ̀rọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ kún pátákó, eruku bò mí lójú. Ojú oorun ti ń dé sí bàbá mi kí n tó dé ìdajì. Nígbà tó yá, ó ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí mo parí, ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá láti òkèèrè béèrè ìbéèrè tó le, mo dáhùn, ó tún béèrè òmíràn, mo tún dáhùn, ó wá ní kí n má lọ, pé òun fẹ́ rí mi. Alhaja ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn ni gbogbo ilé tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn ìpàdé mi pẹ̀lú ìyá náà, mo bá bàbá mi lábẹ́ igi kan níta. Fóònù wà létí rẹ̀, ó ń pariwo gẹ́lẹ́ bíi tèmi, àwọn èèyàn ń yíjú wò ó. Mo gbọ́ ohùn màámi láti ibi tí mo dúró sí.

"Ẹ ṣáà sọ fún mi, kí ló ń tà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," bàbá mi ní. "Mo sùn. Ṣùgbọ́n mo jí, mo rí i pé wọ́n rà á."

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń bọ̀ wálé?"

Bàbá mi wo pátákó ìkéde lára ògiri, ó wo gèlè Alhaja, ó wò mí, eruku ṣọ́ọ̀kì láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ìwọ náà, níbo lo ti rí i rí tí wọ́n ti ń kó ọjà kúrò níbi tó ti ń tà?"